Oṣù Méjìdínlógún ní Àgbádárìgì: Ìgbà Ọlọ́run àti Ìgboyà Tiwa

Láti Ìbèsè níbí náà ni a ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, torí pé dátà ti wọ́n, ohun tí mo sọ lórí ẹ̀rọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ibi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti ń fọn fèrè nìkan ni mo yọ kúrò, àti ibi tí iná ti lọ tí mo ní kí ẹ ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ ti rí i lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ ti rí i lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ọ́ rí: "Àkókò Ọlọ́run ló dára jù." Mo gbà á gbọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣàkíyèsí bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó ti gbìyànjú títí tí kò rọgbọ ń fi tu ara rẹ̀ nínú, ìyẹn dára. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti gbìyànjú náà ń sá sábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí, torí ta ni yóò bá Ọlọ́run jiyàn? Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n á ní ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́, òkú ni, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ yẹn tì ẹ́ sínú kòtò tí àwọn fúnra wọn kò lè bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní àríyànjiyàn lásán fún mi nígbà tí arábìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láti Ayétòrò. Ó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ti gba fìríìdọ̀mù, ó ní máṣíìnì méjì, ó sì ti kó ₦600,000 jọ. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ńtì ní òun yóò mú un dé òkèèrè, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ pé kí oṣù tó parí. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn sọ fún un pé tó bá ní ìgbàgbọ́ lóòótọ́, kó ta máṣíìnì méjèèjì, kó fi kún owó náà, kó gbéra. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó, kó dúró de Ọlọ́run. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Bọ̀dá mi, nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ìgbàgbọ́?"

Mi ò kì í ṣe pásítọ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì ni pé kí n gba ohùn sílẹ̀, kí n gé e, kí n tò ó. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí bí a ṣe ń sọ ìtàn ìgbà Ọlọ́run. Tí mo bá ń ṣe ẹ̀dítì, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gé dànù ni ìdákẹ́jẹ́: ibi tí ènìyàn ti dánu dúró, tó mí kanlẹ̀, tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo gbàdúrà, mo dúró, Olúwa dáhùn, ẹ bá mi yin Jésù." Kí ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó fi dúró? Kí ló ń jẹ? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday? A ti gé ìyẹn kúrò. Àwa tí a bá gbọ́ ọ wá rò pé dídúró ni kéèyàn ká ọwọ́ gbera.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín tí mi ò ní gé àárín rẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ni ín. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, òun ló sì ṣáájú ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ohun tí wọn kò kọ́ wa ni pé ọ̀nà tó gba ilẹ̀ tiwa kọjá ló dá a dúró fún oṣù méjìdínlógún.

Mo máa sáré sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òṣogùn ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ogun dé, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó gbé Aṣánò níyàwó, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀. Ó di olùkọ́. Ó bá ìrìnàjò odò Ọya lọ ní 1841, níbi tí ibà ti pa aláwọ̀ funfun tó ju 40 lọ. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ sì jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tó ti wà ní Sàró. Ó ní ilé, ó ní iṣẹ́, ó ní ìyàwó àti ọmọ. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí tó bá ní òun ti dé ibi tí Ọlọ́run fẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ń padà sílé ṣáájú rẹ̀. Àwọn Sàró, ẹ gbọ́ o, àwọn oníṣòwò ni wọn, wọn kì í ṣe àlùfáà. Láti òpin àwọn ọdún 1830 ni wọ́n ti ń dá owó jọ, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì, tí wọ́n ń tibẹ̀ rìn lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ja àwọn kan nínú wọn lólè kanlẹ̀ lọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí wọ́n jọ̀ọ́ rán oníwàásù sí àwọn. Lẹ́tà yẹn wà lára ohun tó mú Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wá ní 1842. Henry Townsend ti ìjọ CMS tẹ̀ lé e, ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1843. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Townsend padà lọ sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Àjàyí gbéra nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí a sáré kọjá ibẹ̀ yẹn. Ẹni tí wọ́n tà ní Èkó ń padà bọ̀ wá sí etí òkun kan náà, nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọdún 1851 ni Gẹ̀ẹ́sì tó yin ìbọn lu Èkó. Ní 1845, àwọn tó ń ra ènìyàn ṣì ń ra ènìyàn. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, kò sí ìwé ẹ̀rí kankan tí yóò fi han ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1845 ni òun àti Townsend pẹ̀lú Gollmer, ọmọ Jámánì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìròyìn tó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú.

Ẹni tó ṣèlérí ti lọ. Àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá kò kọ̀ wọ́n, wọ́n kàn ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Ogun tún wà lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a wá ń pè ní Yewa láti 1995, ni ọ̀nà láti Àgbádárìgì sí Abẹ́òkúta gbà kọjá. Lásìkò yẹn, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Adó, ìyẹn Adó-Odò tí a mọ̀ lónìí, wọn kò sì ṣí kúrò. Gẹ́zò, ọba Dàhòmì, náà kó ogun wá síbẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Ní oṣù keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní Èkó, gbogbo etí òkun tún dàrú. Ọ̀nà dí pátápátá. Ibi tí àwa ń gun ọ̀kadà kọjá lónìí tí a ń ráhùn pé eruku pọ̀, wọn kò lè tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Oṣù méjìdínlógún. Ẹ ro ohun tí ìwọ tàbí èmi ì bá ṣe. Èmi mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn: "Bóyá Ọlọ́run kò rán mi."

Wọn kò sọ ìyẹn, wọn kò sì fi agídí kọjá. Ó yẹ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ti ewu òkun kọjá, tí wọ́n mọ̀ dájú pé Abẹ́òkúta ni a rán wọn sí, kò sọ pé "ìgbàgbọ́ ni, ẹ jẹ́ ká gba inú ogun kọjá." Wọ́n mọ̀ pé ogun Adó kì í ṣe ohun tí ọwọ́ wọn ká. Bí wọ́n bá kú sójú ọ̀nà, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá kò ní di ṣíṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe? Ṣíṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Abẹ́òkúta ní Àgbádárìgì. Wọ́n wàásù lábẹ́ igi. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn kékeré láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n dé. Wọ́n kó àwọn ọmọdé jọ, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí ẹ̀ ń lọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀ bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ọdún 1845 yẹn ni wọ́n ń tọ́ka sí fún un. Àjàyí ń bá èdè Yorùbá lò lójoojúmọ́, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń túmọ̀. Ẹ rántí pé ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tó ti kúrò nílé, láti ọmọdé ló ti lọ. Ẹni tí yóò túmọ̀ Ìwé Mímọ́ gbọ́dọ̀ tún gbọ́ bí ọjà ṣe ń pariwo, bí àwọn àgbà ṣe ń pa òwe, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ wí. Mi ò ní sọ fún yín pé Ọlọ́run ló dí ọ̀nà kí èdè Àjàyí lè padà bọ̀ sípò. Ta ló bi mí? Ohun tí mo lè sọ ni pé ó lo oṣù méjìdínlógún náà.

Kì í sì í ṣe pé ó dùn. Ìyàwó Gollmer kú ní Àgbádárìgì, láìpẹ́ tí wọ́n dé. Àwọn ará ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ìwàásù wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò ní èso tí ojú tètè rí. Tí ó bá jẹ́ pé Instagram wà nígbà yẹn, mi ò rò pé wọ́n máa ní nǹkan púpọ̀ láti fi síbẹ̀.

Nígbà tó wá di oṣù keje ọdún 1846, ọ̀nà là. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí oṣù keje jẹ́. Òjò. Ẹrẹ̀. Odò kún dé etí. Ẹni tó bá ń wá àwáwí yóò sọ pé ó ti dúró fún ọdún kan àti ààbọ̀, kí ló dé tí kò ní dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ilẹ̀ gbẹ? Wọn kò dúró. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ni wọ́n gbéra pẹ̀lú ẹrù àti ẹbí, wọ́n wọ́ nínú ẹrẹ̀ àti òjò, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ.

Ibi tó mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo ìtàn yẹn rèé. Àwọn kan náà tí wọ́n ní sùúrù fún ogun kò ní sùúrù fún òjò. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí yóò pa iṣẹ́ náà àti ohun tí yóò kàn jẹ́ kí aṣọ wọn tutù. Àwa ńkọ́? Àwa a máa fi òjò ṣe ogun. "Mi ò ì ní kámẹ́rà tó dára, mi ò lè bẹ̀rẹ̀." "Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé padà, àmọ́ ọjọ́ orí mi." Òjò ni ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ, ìyẹn kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dé, ni ìyá Àjàyí, Àfàlá, gbọ́ pé ọmọ òun wà ní Abẹ́òkúta, ó sì wá bá a. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rì bọmi ní Abẹ́òkúta. Orúkọ tó gbà ni Hánà, ẹni tó ń jẹ́ ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ ti fẹ́ kí n parí rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gé e sí. A ò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya sínú Bíbélì díẹ̀, torí arábìnrin wa ti Ayétòrò ń dúró. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní orí kẹtàlá: Sọ́ọ̀lù wà ní Gílígálì, wòlíì ti ní kó dúró fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje pé, wòlíì kò dé, àwọn ọmọ ogun ń fọ́nká, àwọn ọ̀tá ń pé jọ. Sọ́ọ̀lù bá rú ẹbọ náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń parí rẹ̀ báyìí ni Sámúẹ́lì yọ. Tí ẹ bá wò ó látòkè, ẹ ó ní akin ni, ó gbé ìgbésẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìdí tó fi ṣe é láti ẹnu òun fúnra rẹ̀: ó rí i pé àwọn ènìyàn ń lọ, ẹ̀rù bà á. Ìbẹ̀rù ló ń sáré, ó kàn wọ aṣọ ìgboyà ni.

Nehemáyà ni ẹnì kejì. Ó gbọ́ ní oṣù Kísíléfì pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó. Ó sunkún, ó gbààwẹ̀. Oṣù Nísàn, ìyẹn bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ni ọba tó bi í léèrè pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fà ro. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀rù ba òun gidigidi. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe dáhùn. Ó dá ìgbà fún ọba. Ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà òdìkejì odò kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá. Ó béèrè lẹ́tà sí Ásáfù, ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba, kí ó fún òun ní igi. Ó mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ igbó! Ẹni tó fi oṣù mẹ́rin sunkún nìkan kò lè mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ igbó. Ó ti ń ṣe ìwádìí. Nígbà tó sì dé Jerúsálẹ́mù, ó kọ́kọ́ fi òru yí odi náà ká láti wò ó kó tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ohun tí mo máa sọ fún ọ rèé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í ṣe pásítọ̀. Ìbéèrè rẹ kọ́ ni "èwo ni ìgbàgbọ́ nínú kí n lọ àti kí n jókòó." Ìrìnàjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Àjàyí náà rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ igbó. Kí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ fún? Ìlú wo, àdírẹ́sì wo? Irú físà wo ni, ta ni yóò sì bá ọ bá ẹ́ḿbásì sọ̀rọ̀, ìwọ tàbí òun? Níbo ni páásípọ́ọ̀tù rẹ yóò wà nígbà tí o bá dé ọ̀hún? Tí ajẹ́ńtì bá ní lọ́wọ́ ọ̀gá, tàbí tó ní gbèsè kan wà tí o máa ṣiṣẹ́ san kí o tó gba ara rẹ, sá. Wọ́n ti fi irú ọ̀nà yẹn kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè yìí lọ sí Líbíyà àti sí Ítálì, iṣẹ́ tí wọ́n sì bá níbẹ̀ kì í ṣe aṣọ rírán. Ìdí tí ìjọba fi dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní 2003 nìyẹn, o sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó san kọ́bọ̀ kan. Òwò ẹrú ti yí orúkọ padà, kò tíì tán ní etí òkun wa.

Àti èyí tó ní owó gbọ́dọ̀ pé kí oṣù tó parí: ìkánjú yẹn fúnra rẹ̀ yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Gílígálì ni.

Sí Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní kó dúró, ẹ ṣeun, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jókòó. Ó ní máṣíìnì méjì àti ₦600,000. Ó lè gba ọmọ iṣẹ́ kan kí máṣíìnì kejì má ṣe jókòó lásán. Ó lè kọ́ kọ́ọ̀tù rírán lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ohun tí yóò tà ní Abẹ́òkúta àti ní òkèèrè náà nìyẹn. Ó lè fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Ó lè gba páásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, láìsí ajẹ́ńtì, kó fi pamọ́. Bí ọ̀nà bá là lọ́dún tó ń bọ̀, yóò bá a lórí ìdúró. Bí kò bá sì là, yóò bá iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan yóò sọ pé, àwọn tó dúró, tó ṣiṣẹ́, tó gbàdúrà, tí ọ̀nà kò là fún ńkọ́? Òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ fi ìtàn Àfàlá dí yín lẹ́nu. Ìtàn mìíràn wà nílẹ̀ wa níbí. Ní 1862, ogun Dàhòmì dé Ìṣàgá, ìlú àwọn Ẹ̀gbádò lọ́nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì pa ìlú náà run. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lẹ́rú. Olùkọ́ ìjọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Doherty, Sàró ni. Ìròyìn tàn dé Yúróòpù pé wọ́n ti kàn án mọ́ igi ní Abomey, pé ẹnì kan tilẹ̀ fojú rí òkú rẹ̀. Irọ́ ni ìròyìn náà, ó wà láàyè nínú ìgbèkùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà wálé. Gbogbo ènìyàn fẹ́ràn ìtàn Doherty. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìṣàgá, tí wọ́n jọ gbàdúrà, púpọ̀ nínú wọn kò padà. Èmi kò mọ bí a ṣe ń wàásù lórí ìyẹn, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n, mo máa ń rọra wo ojú rẹ̀.

Àjàyí náà. A fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1890, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun kan dé odò Ọya, wọ́n dá àwọn àlùfáà tó yàn dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gba àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó fi oṣù méjìdínlógún dúró de ọ̀nà kan kò rí ìdáláre rẹ̀ gbà kí ó tó lọ.

Èyí tó ṣe ní yàrá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, ni wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé e, òun àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ ń bá a lọ títí odindi Bíbélì fi pé ní àwọn ọdún 1880. Ẹ ṣí áàpù Bíbélì orí fóònù yín, ẹ lọ sí Yorùbá, ẹ wo bí èdè rẹ̀ ṣe ń dún. Àtúnṣe ti bá a, ẹ̀dà tuntun sì ti wà, àmọ́ ohùn ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀.

Ó tó o. Arábìnrin Ayétòrò, tí o bá ti bi ajẹ́ńtì yẹn ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn, jọ̀ọ́, jẹ́ ká gbọ́ èsì rẹ̀. Mo fura pé kò ní gbé ìpè rẹ mọ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà WhatsApp wa, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí ẹ sì jọ̀ọ́ pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba owó kí wọ́n tó gbàdúrà fún èèyàn ni. Ó dàárọ̀.